Ẹ Gbá A Dé Ìkìrun! Ìrírí Mi Lórí Bọ́ọ̀lù Tí Ó Borí Láìdùn-ún Wò

Láti ọdún 2009 títí di ọdún 2014, mo ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kékeré kan ní àdúgbò Òkè-Fìà, ní ìlú Òṣogbo. Páànù ni mo fi ṣe òrùlé rẹ̀, bẹ́ǹṣì mẹ́rìnlélógún ni ó wà nínú rẹ̀, bí òjò bá sì ń rọ̀, ariwo orí páànù a máa bo ohùn ẹni tí ó ń sọ bí eré ṣe ń lọ mọ́lẹ̀ pátápátá. Lẹ́nu ọ̀nà ni mo gbé pátákó dúdú kan sí. Láàárọ̀, mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ àkókò tí eré yóò bẹ̀rẹ̀ sí i. Bí góòlù bá sì ti ń wọlé lálẹ́, mo máa ń jáde lọ kọ iye rẹ̀ kí àwọn tí ń kọjá lè rí i. Ọlọ́kadà yóò dẹ ìrìn, yóò wo pátákó, yóò fọn fèrè bí ó bá jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń borí tàbí kí ó pòṣé bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe òwò náà, n kò rántí ẹnì kan ṣoṣo tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn tí ó bi mí pé, "Báwo ni wọ́n ṣe gbá a?" "Mélòó sí mélòó ni?" ni gbogbo wọn ń béèrè.

Nínú ilé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti san náírà 50, tí ó ti fi ìdí lé pákó fún wákàtí kan àti ààbọ̀, tí ooru sì mú un bí ẹni tí ó wà lẹ́nu ààrò, kò ní ìdí kankan láti béèrè iye góòlù, nítorí pé ojú rẹ̀ ni ó ṣe. Ohun tí òun ń béèrè, tí ó sì máa ń kọjú sí mi bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, ni pé, "Ọ̀gá, ṣé bọ́ọ̀lù rèé?" Àríyànjiyàn tí àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù máa ń ṣe, bóyá ó yẹ kí á fẹ́ràn ìborí tí kò lẹ́wà ju eré tí ó dùn-ún wò lọ, àárín pátákó ìta àti bẹ́ǹṣì inú ilé yẹn ni ó ti wá yé mi. Ó sì pẹ́ kí ó tó yé mi, nítorí pé láti kékeré ni mo ti gbà pé mo mọ ìdáhùn.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí ní ọdún 1994, nígbà tí ikọ̀ Super Eagles kọ́kọ́ lọ sí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa ní Ìgbọ̀nà, máa ń gbé tẹlifíṣàn rẹ̀ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí gbogbo àdúgbò lè wò ó. Níbẹ̀ ni a ti rí Rashidi Yekini nígbà tí ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú ìdíje náà wọ ilé Bulgaria, tí ó ki ọwọ́ bọ inú àwọ̀n, tí ó ń sunkún. Góòlù mẹ́ta sí òdo ni a fi na Bulgaria lọ́jọ́ náà. Bulgaria yìí kan náà ni ó sì wá lé Jámánì kúrò nínú ìdíje lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọ Clemens Westerhof, kóòṣì wa, ń gbá nígbà náà kò dùn-ún wò. Finidi George ń sáré ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, Emmanuel Amunike ní ẹ̀gbẹ́ òsì, Jay-Jay Okocha sì ń dárà láàárín bí ẹni pé ó fi okùn so bọ́ọ̀lù mọ́ ẹsẹ̀.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 5, oṣù Keje, a pàdé Ítálì nítòsí ìlú Boston. Amunike gbá góòlù kan wọlé ní ìṣẹ́jú 25. Nígbà tí eré ti lọ jìnnà ní apá kejì, rẹfirí fún Gianfranco Zola ní káàdì pupa, ó wá ku ènìyàn mẹ́wàá péré fún Ítálì. Inú wa dùn débi pé àwọn kan ti ń jó lójú títì. Bàbá Tíṣà nìkan ni ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó dìde dúró níwájú tẹlifíṣàn rẹ̀, ó ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó ń pariwo pé, "Ẹ gbá a sóde! Ẹ gbá a dé Ìkìrun, kí wọ́n máa lọ mú un bọ̀!" Àwa ọmọdé ń fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kò gbá a dé Ìkìrun. Wọ́n ń gbá a fún ara wọn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tan ẹni tí ó wà níwájú wọn, wọ́n ń ṣe é bí ẹni pé eré ti parí. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí ó parí ní tòótọ́ ni Roberto Baggio ti Ítálì gbá bọ́ọ̀lù kọjá Peter Rufai, aṣọ́lé wa, wọlé. Nígbà tí ó di àfikún àkókò, wọ́n rí pẹnárítì gbà, Baggio kan náà ni ó gbá a wọlé, ó di 2-1, ó parí. Bàbá Tíṣà pa tẹlifíṣàn rẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan, ó gbé e wọlé, a sì gbọ́ tí ó ti ìlẹ̀kùn.

Ìró ìlẹ̀kùn yẹn ni ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo kọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé dídárà ni ó pa wá, àti pé ẹni tí ó bá ti ní góòlù kan lọ́wọ́, tí ó sì ku ìṣẹ́jú díẹ̀, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó gbá bọ́ọ̀lù jìnnà sí ilé rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n lé wa, ni Bràsíl tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹwà gba ife náà lọ́wọ́ Ítálì nínú àṣekágbá tí góòlù kankan kò ti wọlé, tí ó jẹ́ pé pẹnárítì ni wọ́n fi parí rẹ̀. Èyí tún mú ọkàn mi le sí i. Àwọn àgbà tí ń ta ayò lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa náà sì wà níbẹ̀. Ọ̀ta kan, ìyẹn ẹni tí ó mọ ayò ta dáadáa, wà láàárín wọn tí ó máa ń kó ọmọ ayò jọ sí ojú kan, tí yóò máa fi àwọn ojú yòókù rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ó ń tòògbé, tí àwọn òǹwòran yóò máa bú u pé ó ń fi àkókò ṣòfò, títí yóò fi tú odù náà ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ yóò sì tán. Mo máa ń wò ó, mo sì máa ń rò ó pé irú ẹni báyìí ni ó yẹ kí ó máa kọ́ Super Eagles.

Ní ọdún 1996, nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, Bràsíl ti ń fi góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan na àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó yí i padà di 4-3, tí Nwankwo Kanu sì gbá góòlù tí ó parí ọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ṣé mo ti wá rí i pé ẹni tí kò bẹ̀rù náà ń borí. Mo ní oríire ni. Bí ènìyàn bá ti pinnu ohun tí yóò gbà gbọ́ tán, ẹ̀rí kan kò tó nǹkan lójú rẹ̀, kì í sì í ṣe ọmọdé nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ Gíríìsì ni ó sọ mí di oníwàásù. Nígbà tí wọ́n gba ife ilẹ̀ Yúróòpù ní ọdún 2004 lábẹ́ Otto Rehhagel, ará Jámánì, ó dà bí ẹni pé nítorí tèmi ni wọ́n ṣe lọ. Góòlù kan sí òdo ni wọ́n fi na Faransé tí Zidane àti Henry wà nínú rẹ̀, góòlù kan sí òdo ni wọ́n fi na Czech, góòlù kan sí òdo ni wọ́n sì fi na Pọ́túgàl nínú àṣekágbá ní Lisbon, nílé onílé. Orí ni wọ́n fi kan góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé. Kálukú wọn ni ó ní ẹni tí ó ń ṣọ́, bí ẹni náà bá lọ mu omi, yóò bá a lọ. Àwọn oníròyìn bú wọn. Mo gé àwòrán wọn nínú ìwé ìròyìn, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, níbi tí mo ti ń rán aṣọ.

Ní ọdún 2006, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní kí n wá máa kọ́ àwọn, nítorí pé ẹnu mi kò sinmi lórí bọ́ọ̀lù. N kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan. Ohun tí mo ní ni fèrè kan àti ìdánilójú. Ọmọ mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, ọ̀kan nínú wọn sì wà tí ó wọ nọ́ńbà 10, ọmọ ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà náà, ara rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n ó lè fi bọ́ọ̀lù kọjá láàárín ènìyàn mẹ́ta ní ibi tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Bí ó bá ti gba bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọdé tí ń ta ẹ̀pà a máa sọ igbá wọn kalẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa.

Ìdíje àdúgbò kan ni a forúkọ sílẹ̀ fún. Mo pe ọmọ yìí sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sọ fún un pé bí ó bá ti gba bọ́ọ̀lù ní apá tiwa, kí ó má ṣe bá ẹnikẹ́ni fà á, kí ó kàn máa gbá a lọ síwájú.

Ó wò mí. "Kóòṣì, ṣé kí n kàn máa gbá a dànù ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa, sà."

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣe é. Eré márùn-ún ni a gbá títí a fi gba ife: a fi góòlù kan ṣoṣo borí nínú mẹ́ta, a fi pẹnárítì borí nínú ọ̀kan, ìkarùn-ún sì ni àṣekágbá, èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀ nítorí pé títí di òní, bí mo bá rántí rẹ̀, ojú a máa tì mí, inú mi a sì tún máa dùn, n kò mọ èyí tí ó pọ̀ jù.

Pápá ilé-ẹ̀kọ́ kan ni a ti gbá a. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ wa kan gbá kọ́nà, bọ́ọ̀lù ba orúnkún ọ̀kan nínú àwọn tí a ń bá gbá, ó wọ ilé wọn. Láti ìgbà náà lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún àwọn mẹ́sàn-án pé kí wọ́n dúró sẹ́yìn. Mo sọ fún aṣọ́lé wa pé nígbàkúùgbà tí ó bá ti mú bọ́ọ̀lù, kí ó ṣubú kí ó sì pẹ́ nílẹ̀. Mo sọ fún àbúrò mi tí ó dúró lẹ́yìn ọgbà pé bí bọ́ọ̀lù bá jáde, kí ó má ṣe yára mú un wá. Aṣọ́lé wa ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ní ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó dì mú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó gbàgbé, ó dì mọ́ ti òsì, gbogbo pápá sì bú sẹ́rìn-ín. Rẹfirí pàápàá rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo ń wo aago.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí eré parí, mo ṣàkíyèsí pé ariwo kan ń bọ̀ láti apá ibòmíràn. Ní ìgun pápá náà, àwọn ọmọdé bíi mẹ́jọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́, bàtà méjì méjì ni wọ́n fi ṣe ilé. Àwọn tí ń ta omi inú ọ̀rá ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí lọ sọ́dọ̀ wọn, nítorí pé ẹni tí ń tà a máa tètè mọ ibi tí èrò ń kọjú sí. Lẹ́yìn náà ni àwọn òǹwòran ń yí padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí rẹfirí fọn fèrè ìparí, tí àwọn ọmọ mi ń fò sókè, ìdajì àwọn tí ó wá wo àṣekágbá ni ó kọ ẹ̀yìn sí wa, tí wọ́n ń wo àwọn ọmọ tí kò wọ bàtà.

A gba ife. Wọ́n so mẹ́dà mọ́ àwọn ọmọ lọ́rùn. Lọ́sẹ̀ kejì, nọ́ńbà 10 kò wá síbi ìdánrawò. Mo gbọ́ pé ó ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tí a nà nínú àṣekágbá, pé wọ́n ń jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ wa tú ká.

Ó tó ọdún mélòó kan kí n tó rí i pé nǹkan méjì ni mo ti dà pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni dídáàbò bo ilé ẹni. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ìyẹn, gẹ́gẹ́ bí aṣọ rírán. Kí ènìyàn mẹ́rin dúró ní ìlà kan, kí mẹ́rin mìíràn dúró níwájú wọn, kí àyè àárín ìlà méjèèjì má fẹ̀ ju èyí tí ènìyàn lè fi ìṣísẹ̀ díẹ̀ dí lọ, kí gbogbo wọn sì máa yí sí ọ̀tún àti sí òsì pọ̀ bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń yí, kì í ṣe ohun tí a ń kọ́ ní ọjọ́ kan, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n wò yóò rí ẹwà nínú rẹ̀. Ìkejì ni ohun tí èmi kọ́ àwọn ọmọ yẹn: ìṣubú èké àti bọ́ọ̀lù fífi pamọ́. Ìyẹn kì í ṣe bọ́ọ̀lù rárá. Olè jíjà ni, àkókò ẹni tí ó wá wòran ni à ń jí.

Àwọn tí ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti ọdún 1990 ní Ítálì sú ayé. Góòlù 115 péré ni ó wọlé nínú eré 52, kò sì tíì sí ìdíje kan nínú ìtàn ife náà tí ìṣirò góòlù rẹ̀ fún eré kọ̀ọ̀kan kéré tó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1992, wọ́n ṣe òfin pé aṣọ́lé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá sí i. Ní ọdún 1994, wọ́n sọ máàkì ẹni tí ó bá borí nínú ìpele àkọ́kọ́ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé di mẹ́ta dípò méjì, kí ọ̀mì má baà dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú jù. Ní ọdún 2025, wọ́n tún ní aṣọ́lé tí ó bá di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ yóò fi kọ́nà ta ẹgbẹ́ kejì lọ́rẹ. Gbogbo òfin wọ̀nyí, àkókò tí à ń fi ṣòfò ni wọ́n ń bá wí. N kò rí ọ̀kan nínú wọn tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáàbò bo ilé rẹ̀.

Èrò yìí ni mo gbé wọ ilé ìwòran nígbà tí mo ṣí i. Nígbà náà, gbogbo ọ̀dọ́ ìlú ni ó ti ń sọ pé ẹgbẹ́ báyìí "páàkì bọ́ọ̀sì", ìyẹn ni pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ náà dúró dí iwájú ilé wọn, ọ̀rọ̀ tí José Mourinho, kóòṣì Chelsea nígbà náà, sọ ní ọdún 2004 nígbà tí ó ń bínú pé Tottenham gbé bọ́ọ̀sì wá sí iwájú ilé wọn. Àwọn tí ń lò ó kò mọ̀ pé òun ni ó kọ́kọ́ ráhùn nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé òun ni awakọ̀.

Alẹ́ tí n kò lè gbàgbé níbẹ̀ ni ti ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, nígbà tí Chelsea bá Bayern gbá àṣekágbá ilẹ̀ Yúróòpù ní Munich. Náírà 100 ni mo gbà lọ́jọ́ náà, ilé sì kún dé ẹnu ọ̀nà. Ogún kọ́nà ni Bayern gbá, ẹyọ kan ṣoṣo ni Chelsea gbá. Ènìyàn tí kò gba ti ẹgbẹ́ méjèèjì, tí ó kàn wá wo bọ́ọ̀lù, kò rí nǹkan kan gbádùn níbẹ̀. Àgùnbánirọ̀ kan tí ó jókòó lẹ́yìn gan-an sùn lọ ní apá kejì, nígbà tí ó sì jí, ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà pé kí n dá owó òun padà nítorí pé òun kò rí bọ́ọ̀lù kankan wò. Àwọn ọmọlẹ́yìn Chelsea ní tiwọn kò lè mí. Ọ̀kan nínú wọn, alápatà kan tí kì í dákẹ́ lójoojúmọ́, ki fìlà rẹ̀ bọ ẹnu, ó ń jẹ ẹ́. Bayern gbá góòlù wọlé ní ìṣẹ́jú 83. Alápatà yìí kò yọ fìlà náà lẹ́nu. Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú 88, Chelsea rí kọ́nà kan ṣoṣo yẹn gbà, Didier Drogba sì fi orí kàn án wọlé. Wọ́n fó bẹ́ǹṣì mi méjì. Petr Čech, aṣọ́lé Chelsea, mú pẹnárítì Arjen Robben ti Bayern ní àfikún àkókò, pẹnárítì ni wọ́n sì fi parí rẹ̀, Drogba ni ó gbá èyí tí ó kẹ́yìn, Mikel Obi tiwa sì wà lórí pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo jáde lọ kọ ọ́ sí pátákó. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè kọjá títí ilẹ̀ fi ṣú jinlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, mo gba iwájú ilé iṣẹ́ kan tí àwọn àgùnbánirọ̀ ti máa ń ṣiṣẹ́ kọjá, ta ni mo rí tí ó kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, tí ó ń fi ọwọ́ júwe bí Drogba ṣe fò? Ẹni tí ó ní kí n dá náírà 100 òun padà ni. Ó rí mi, ó sì yí ojú kúrò. N kò bínú sí i, nítorí pé ó wá yé mi níbẹ̀ pé kì í ṣe irọ́ ni ó ń pa. Lálẹ́ àná, orí bẹ́ǹṣì ni ó wà. Láàárọ̀ yìí, ó ti di èrò ẹnu ọ̀nà, pátákó ni ó ń kà. Ènìyàn kan náà ni ó ń fẹ́ ohun méjì, àkókò tí ó ń fẹ́ wọn ni kò dọ́gba. Nígbà tí à ń wò ó lọ́wọ́, dídùn rẹ̀ ni à ń fẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, iye góòlù nìkan ni ó kù tí a lè gbé káàkiri, nítorí pé kò sí bí a ṣe fẹ́ fi ẹnu sọ dídùn bọ́ọ̀lù fún ẹni tí kò wò ó.

Mo ti ilé ìwòran náà ní ọdún 2014. Owó epo jẹnẹrétọ̀ ni ó lé mi. Nítorí náà, inú ilé ìwòran ẹlòmíràn ní Alékúwodò ni mo ti wo ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 2024. José Peseiro, kóòṣì Super Eagles nígbà náà, to ènìyàn mẹ́ta sí àárín ẹ̀yìn, Stanley Nwabali sì ni aṣọ́lé. Eré mẹ́rin ni a gbá léra wọn tí ẹnikẹ́ni kò fi gbá góòlù wọ ilé wa, a sì fi góòlù kan sí òdo borí nínú mẹ́ta nínú wọn. Lẹ́yìn eré kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn a máa ráhùn pé Victor Osimhen, agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní Áfíríkà nígbà náà, ń sáré kiri bí aṣọ́bodè. Ní eré tí ó tẹ̀ lé e, èrò a tún pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 7, oṣù Kejì, nígbà tí a bá Gúúsù Áfíríkà gbá, Osimhen gbá góòlù kejì wọlé nígbà tí eré ń parí lọ, a ti ń dì mọ́ra wa, kí rẹfirí tó lọ wo fídíò, tí ó fagi lé góòlù náà, tí ó sì fún wọn ní pẹnárítì ní apá kejì pápá. Nwabali mú pẹnárítì méjì nígbà tí ó yá, a sì borí, ṣùgbọ́n mo rí àgbàlagbà kan tí wọ́n ní láti fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́.

Nínú àṣekágbá, William Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọ ilé Ivory Coast ní ìṣẹ́jú 38. Láti ibẹ̀ ni a ti wọ inú ilé, a sì ti ìlẹ̀kùn. Mo ti rò pé ara mi ti yá kúrò nínú àìsàn Bàbá Tíṣà, àfi bí mo ṣe rí i tí mo dìde dúró, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì, tí mo ń pariwo pé, "Ẹ gbá a dé Ìkìrun!" Àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà lẹ́yìn mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa gbọ́ tèmi lọ́jọ́ náà: wọ́n gbá a, wọ́n gbá a, kò dé Ìkìrun, ó ń padà wá. Simon Adingra ti Ivory Coast ni ó gbé bọ́ọ̀lù méjèèjì wá láti ẹ̀gbẹ́, Franck Kessié kan ọ̀kan wọlé ní ìṣẹ́jú 62, Sébastien Haller fi ẹsẹ̀ kan èkejì ní ìṣẹ́jú 81.

Ní ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tí kò sọ pé ojo ni ó pa wá. Ìdajì wọn ni ó ti ń yin Peseiro ní ọjọ́rú tí ó ṣáájú. Ní tèmi, n kò rí ohun tí ó burú nínú kí Gíríìsì dúró sẹ́yìn níwájú Pọ́túgàl, tàbí kí Chelsea tí àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù wọn mélòó kan kò lè gbá lọ́jọ́ náà dúró sẹ́yìn níwájú Bayern. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó ni. Ẹni tí ó ní Osimhen àti Ademola Lookman níwájú, tí ó wá ń gbá bọ́ọ̀lù dànù láti ìṣẹ́jú 38, ohun tí mo ṣe sí ọmọ elélùbọ́ ní ọdún 2006 ni ó ṣe.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ni ó sì ń lọ lọ́kàn mi nígbà tí mo lọ sí Ọjà Ọba ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyá rẹ̀ ṣì wà ní ìsọ̀ rẹ̀. Lórí ìṣó kan lókè orí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ńgò tí ó fi ń wọn èlùbọ́, mẹ́dà kan wà níbẹ̀, èlùbọ́ ti sọ okùn rẹ̀ di funfun.

"Kóòṣì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o," ni ó wí. Ó rí i pé mo ń wo òkè. "Àwọn oníbàárà mi máa ń béèrè rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ọmọ mi ni ó gbà á. Ọlọ́run yóò máa bá yín ṣe é, sà."

Mo bi í bóyá ọmọ náà sọ bí wọ́n ṣe gbá a lọ́jọ́ náà fún un rí.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ó tún ní bí wọ́n ṣe ń gbá a ni?"

Ó ní ọmọ náà ti ń tún fóònù ṣe ní Ọláìyá. Tèmi náà ti ń kú fúnra rẹ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ kan, nítorí náà mo gba ibẹ̀ kọjá. Ó dá mi mọ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó fún mi ní àga, ó sì ṣí ẹ̀yìn fóònù náà. A sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó rẹ̀, a sọ̀rọ̀ nípa iná mànàmáná. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé e padà tán nígbà tí ó sọ ọ́, láìgbé ojú sókè, tí irin ìtú-ìdè kékeré náà ṣì wà láàárín ìka rẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ ò jẹ́ kí n fi bọ́ọ̀lù kọjá ẹnì kan ṣoṣo lọ́jọ́ yẹn."

Mo bi í pé èló ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́, mo ní kí ó ṣe é ní ti ẹbí. Ó gba owó rẹ̀ pé pérépéré.